Ojú Ni Alákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ṣíṣọ́ Omi Kànga Nítòsí Ibi tí Ilé Epo Ti Wà Rí

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gàrí, ẹ̀yin ọlọ́sìn ẹja, àti gbogbo ẹ̀yin ará wa ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀, ẹ̀yin ni a kọ ìwé yìí fún. Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, irúgbìn àti kòkòrò ni a sábà máa ń bá yín sọ nínú irú ìwé pélébé báyìí. Lónìí, ọ̀rọ̀ omi ni a mú wá, pàápàá omi kànga tí ó wà nítòsí ilẹ̀ tí wọ́n ti ta epo bẹntiróòlù rí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbègbè yìí láti ṣiṣẹ́, ìyá kan tí ó ń ṣe gàrí tà wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó gbé omi lọ́wọ́ nínú ike. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbọ́ òórùn omi yìí. Àwọn oníbàárà mi ní gàrí mi ń rùn bí epo ọkọ̀.” Mo ṣí ike náà, mo fi imú sí i, n kò gbọ́ òórùn kankan. Oṣù kejì ọdún ni, ẹ̀ẹ̀rùn sì mú gan-an. Mo dá a lóhùn pé, “Omi yín dára, Mà. Ẹ má fòyà.” Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Nígbà tí ó di oṣù keje, tí òjò ti rọ̀ dáadáa, ó tún padà wá. Kò gbé ike dání lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n wá wo kànga náà fúnra mi. N kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀ tán tí òórùn bẹntiróòlù fi gbà mí nímú. Lẹ́yìn ilé rẹ̀, ní ibi tí kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ, ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó ti jẹ́ ilé epo rí. Wọ́n ti wó ilé náà, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó wú táńkì tí ó wà nínú ilẹ̀. Nígbà tí a gbé omi náà lọ sí ilé àyẹ̀wò, èsì rẹ̀ fihàn pé epo wà nínú rẹ̀.

Oṣù márùn-ún ni àwọn ọmọ ìyá yìí fi mu omi náà nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. N kò purọ́ fún un. Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n imú nìkan ni mo fi ṣe àyẹ̀wò, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo sì fi ṣe é. Nítorí èyí ni mo fi kọ ìwé yìí. A kò gbọdọ̀ fi imú nìkan, tàbí àyẹ̀wò ọjọ́ kan ṣoṣo, dá kànga tí ó wà nítòsí ilé epo láre. Ṣíṣọ́ ni a ń ṣọ́ ọ láti ìgbà dé ìgbà, a sì ń kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀.

BÍ EPO ṢE Ń DÉ INÚ OMI

Inú ilẹ̀ ni ilé epo máa ń ri àwọn táńkì ńlá rẹ̀ mọ́. Ní ayé àtijọ́, irin lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí irin bá pẹ́ nínú ilẹ̀ tútù, yóò dípẹtà, yóò sì lu. Nígbà mìíràn, kì í ṣe táńkì ni ó jò bí kò ṣe páìpù tí ó so táńkì mọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń ta epo, tàbí oríkèé ibi tí páìpù méjì ti pàdé. Bí epo bá ń kán ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ohun tí yóò ti kán sínú ilẹ̀ ní ọdún kan lè tó 1,000 lítà. Ẹni tí ó ń ta epo lè má fura, nítorí ó lè rò pé oòrùn ni ó fà á gbẹ, tàbí pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ni ó jí i.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í darí ọ̀rọ̀ táńkì abẹ́ ilẹ̀ ní 1984, jíjò tí a ti rí tí a sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lé ní 500,000. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá epo ti pọ̀, kò yẹ kí àwa sùn fọnfọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo irú ilẹ̀ tí a ní ní Èkìtì. Orí àpáta ni a tẹ̀dó sí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí òkè Ọlọ́sùnta ní Ìkẹ́rẹ́ mọ irú àpáta tí mo ń wí. Ohun tí ó bo àpáta náà mọ́lẹ̀ ni ilẹ̀ pupa, yangí, amọ̀, àti àpáta tí ó ti jẹrà di yanrìn. Nínú àpáta jíjẹrà yìí àti nínú sísán tí ó wà lára àpáta líle ni omi abẹ́ ilẹ̀ wa ń gbé. Kò jìn sílẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ kànga tí a fi ọwọ́ gbẹ́ ní Adó-Èkìtì kò fi tó mítà 15. Àǹfààní ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó ń wá omi, ṣùgbọ́n ewu ni pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀nà kò jìn fún epo láti ojú ilẹ̀ dé ibi tí omi wà.

Bí epo bá jò, yóò kọ́kọ́ rìn lọ sísàlẹ̀ gba inú yẹ̀pẹ̀, díẹ̀ yóò sì lẹ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀ náà. Bí ó bá dé ojú omi, kì í rì, nítorí bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ. Yóò léfòó lórí omi, yóò sì máa yọ́ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó sábà máa ń tẹ̀lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ lọ sí ọ̀nà odò, epo tí ó ti yọ́ sínú rẹ̀ a sì máa bá a lọ.

ÌDÍ TÍ IMÚ KÒ FI TÓ

Èròjà púpọ̀ ni ó wà nínú bẹntiróòlù. Èyí tí ó burú jù nínú wọn fún ẹni tí ó ń mu omi ni benzene. Àwọn oníṣègùn ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń wọ ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí benzene inú omi mímu má ṣe ju ìdá 10 nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan lọ nínú lítà omi kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan kí ẹ lè mọ bí èyí ti kéré tó. Bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún bẹntiróòlù bá jẹ́ benzene, benzene tí ó wà nínú lítà kan ṣoṣo tó láti ba omi tí ó lé ní 700,000 lítà jẹ́, bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́ sínú omi. Omi náà yóò kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí iye rẹ̀ jẹ́ 28,000.

Nísinsìnyí, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Kí imú ènìyàn tó lè gbọ́ òórùn benzene nìkan nínú omi, ó ní láti tó nǹkan bí ìlọ́po 1,000 iye tí àjọ náà fi lélẹ̀. Lóòótọ́, bẹntiróòlù tútù ní àwọn èròjà mìíràn tí òórùn wọn yára jáde, àwọn ni imú wa sì máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn epo nínú omi, ẹ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé omi náà mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, imú a máa mọ́ra. Ẹni tí ó ń gbé pẹ̀lú òórùn kan lójoojúmọ́ kì í pẹ́ tí kò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Àlejò ni yóò wọlé tí yóò béèrè pé kí ni ó ń rùn.

Ọ̀rọ̀ àsìkò sì tún wà níbẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú omi inú kànga a máa lọ sílẹ̀, epo a sì tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀, a máa lẹ̀ mọ́ ara yẹ̀pẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà tí ó gbà. Nígbà tí òjò bá dé, omi yóò tún gòkè, yóò bo yẹ̀pẹ̀ tí epo ti lẹ̀ mọ́, yóò sì máa fọ epo náà kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, kànga kan náà lè ní ìwà méjì láàárín ọdún kan. Ní ibòmíràn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni epo máa ń hàn lórí omi. Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, ìgbà òjò ni òórùn máa ń yọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí mo bá ìyá náà sọ ní oṣù kejì kò fi dúró títí di oṣù keje.

OHUN TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀ NÍ IBÒMÍRÀN

Ní Barúwà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimọ́ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀pá epo kan ni ó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Nínú àwọn ọdún 1990 ni àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ omi láti inú kànga wọn. Ó lé ní 20 ọdún lẹ́yìn náà tí wọ́n ṣì ń ké pé àwọn kò rí omi kànga mu, tí wọ́n sì ń fi owó ra omi tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Kí ẹ ṣe àkíyèsí èyí: ohun tí ó bà jẹ́ ní kíákíá ni ó pẹ́ tó báyìí kí ó tó ṣeé tún ṣe.

Ìtàn kejì ti Ogale wá, ní ilẹ̀ Ẹlẹmẹ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ní 2011, UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń bójú tó àyíká, gbé ìwádìí jáde lórí ilẹ̀ Ògóní. Kànga 142 ni wọ́n gbẹ́ nítorí ìṣọ́ omi nìkan, kì í ṣe fún mímu. Ní Nisisioken Ogale, wọ́n bá epo tí a ti fọ̀ tí ó léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀, tí nínípọn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8. Nínú kànga tí àwọn ará ibẹ̀ ń mu, benzene ju ìlọ́po 900 lọ sí iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀. Àwọn ará ìlú náà sọ pé ó ti ju ọdún mẹ́fà lọ tí epo náà ti dànù. Ẹ wo iye ọdún tí wọ́n ti ń pọn omi náà kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀n ọ́n fún wọn.

Ọ̀pá epo ni ó fa ti Barúwà, kì í ṣe ilé epo. Ní Ogale pẹ̀lú, ẹ̀bá ọ̀pá epo ni kànga wọn wà. Ṣùgbọ́n epo kan náà ni, omi kan náà ni, ẹ̀kọ́ kan náà ni ó sì kọ́ wa. Bí a kò bá ṣọ́ omi, ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá tó mọ̀, ọwọ́ ti kọjá orí.

BÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ ṢE Ń ṢỌ́ OMI ABẸ́ ILẸ̀

Bí a bá fẹ́ ṣọ́ omi ní ilẹ̀ ilé epo àtijọ́, ìgbésẹ̀ kìíní ni láti gbẹ́ kànga ìṣọ́. Kànga yìí tín-ín-rín; páìpù oníke tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí ní ìsàlẹ̀ ni a máa ń rì sínú rẹ̀. Ó kéré tán, a nílò mẹ́ta. Ọ̀kan yóò wà ní òkè ibi tí táńkì wà, èyí tí yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí pé bí omi ṣe rí kí ó tó dé ibi epo nìyí. Méjì yóò wà ní ìsàlẹ̀, ní ọ̀nà ibi tí omi ń rìn lọ.

Awọ̀nlẹ̀ yóò wọn gíga ẹnu kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn èyí, a ó wọn bí omi ti jìn sí ẹnu kànga kọ̀ọ̀kan. Bí a bá yọ èyí kúrò nínú gíga ẹnu kànga, a ó mọ gíga omi fúnra rẹ̀. Ibi tí omi ti ga ni ó ti ń bọ̀, ibi tí ó ti rẹlẹ̀ ni ó ń lọ. Kànga méjì kò lè sọ èyí fún wa tán. Ẹ̀kẹta ni ó ń parí ẹjọ́. Báyìí ni a ṣe ń mọ ilé tí ewu náà kọjú sí.

Ẹ̀kejì ni gbígba omi fún àyẹ̀wò. A kì í gba omi tí ó ti dúró pẹ́ nínú páìpù. A ó kọ́kọ́ fa omi náà dànù, kí omi tuntun lè wọlé láti inú ilẹ̀. Ìgò gíláàsì tí ó mọ́ ni a ó fi gbà á, a ó kún un dé ẹnu tí afẹ́fẹ́ kò fi ní sí nínú rẹ̀ rárá, a ó dé e pinpin, a ó sì gbé e sínú yìnyín. Ìdí rẹ̀ ni pé benzene a máa fò lọ bí ó bá rí afẹ́fẹ́. Omi tí ìyá náà gbé wá fún mi nínú ike tí kò kún, tí ó sì ti gbé nínú oòrùn, kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ̀kẹta ni pé a kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ó dára láti máa gba omi, kí àyẹ̀wò lè kan ẹ̀ẹ̀rùn, ìbẹ̀rẹ̀ òjò, àárín òjò àti ìparí rẹ̀. Ìwé ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ epo, tí a kọ́kọ́ gbé jáde ní 1991, sọ pé bí benzene inú omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti tó ìdá 30 nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan nínú lítà kọ̀ọ̀kan, ó di dandan kí a gbé ìgbésẹ̀ àtúnṣe. Ṣùgbọ́n fún omi tí a ń mu, 10 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ni kí ẹ fi sọ́kàn.

Ìròyìn rere díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ohun alààyè tíntìntín tí ojú kò lè rí wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n máa ń jẹ epo. Bí jíjò bá ti dáwọ́ dúró, wọn a máa dín in kù ní ọdọọdún, ní ọ̀pọ̀ ibi tí a sì ti wọ̀n ọ́n, benzene kì í sábà rìn ju nǹkan bí 100 mítà lọ. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi èyí sùn lọ. Ilẹ̀ wa jẹ́ ilẹ̀ àpáta, sísán inú àpáta sì lè gbé epo gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rò. Bí a kò bá sì wú táńkì tí ó ń jò kúrò, iṣẹ́ àwọn ohun alààyè náà kò lè parí láé. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

OHUN TÍ Ẹ̀YIN FÚNRA YÍN LÈ ṢE

Ẹnikẹ́ni tí kànga rẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n 100 mítà sí ilé epo, yálà èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ tàbí èyí tí ó ti kú, kí ó ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ pè é ní ìwé kànga. Ẹ so ó mọ́ ibi tí kò ti ní sọnù.

2. Ẹ wá okùn tí ó gùn, kí ẹ so òkúta kékeré mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì ta kókó sí i ní ìwọ̀n ìdajì mítà kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi wọn bí omi ti jìn tó láti ojú àmì kan náà ní ẹnu kànga. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

3. Ní àárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó pọn omi, ẹ fa omi díẹ̀ sínú abọ́ funfun. Ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ pe ẹni tí kì í gbé inú ilé náà kí òun náà gbọ́ ọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹ kò rí nǹkan kan.

4. Bí ẹ bá rí ohun tí ó ń dán lójú omi bí òṣùmàrè, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ya á. Bí ó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí èèpá tí kò sì padà so pọ̀, kì í sábà jẹ́ epo. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ ní àkùrọ̀ níbi tí ìpẹtà irin pọ̀ nínú ilẹ̀. Bí ó bá yí po tí ó sì tún padà so mọ́ ara rẹ̀, kí ẹ fura pé epo ni.

5. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò yín ibi tí ilé epo ti wà rí. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ti di ilé ìjọsìn, ilé ìtajà tàbí ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ kí ó béèrè kí ó tó san owó, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí pé a ti wú táńkì kúrò.

6. Bí agbára bá ká a, ẹ jẹ́ kí ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin dá owó jọ láti gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò, ẹ̀ẹ̀kan ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ẹ̀ẹ̀kan ní ìgbà òjò. Ẹ sọ fún wọn pé àyẹ̀wò epo bẹntiróòlù àti benzene ni ẹ fẹ́, nítorí àyẹ̀wò omi tí wọ́n sábà máa ń ṣe kì í wá epo rárá. Ìgò tí ilé àyẹ̀wò bá fún yín ni kí ẹ lò.

Bí ẹ bá ṣe èyí fún ọdún kan péré, ẹ ó ní ohun tí àwa òṣìṣẹ́ kò lè rí ní ọ́fíìsì wa. Ìwé kànga mẹ́wàá ní àdúgbò kan lè fi ọ̀nà tí epo gbà hàn wá kí a tó gbẹ́ kànga ìṣọ́ kan ṣoṣo.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Bí ẹ bá ti fura sí epo nínú kànga, ẹ má ṣe sọ àtùpà, àbẹ́là tàbí ìṣáná sínú rẹ̀. Àwọn kan a máa sọ iná sínú kànga láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Nínú kànga tí ó ní epo, ikú òjijì ni irú iná bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀ láti gbọ́n ọn, nítorí èéfín epo lè dá a kú níbẹ̀, àti ẹni tí ó bá sáré wọlé láti yọ ọ́. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu kànga, ẹ má sì da èérí epo ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó wà nítòsí rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé sísè yóò wo omi náà sàn. Bí ẹ bá sè é, epo yóò fò sínú afẹ́fẹ́ ilé ìdáná, ẹ ó sì fà á símú. Álọ́ọ̀mù a máa mú kí omi mọ́ lójú, kì í yọ benzene kúrò. Ẹ̀fọ́rí àti ìríra tí ènìyàn ń ní lẹ́yìn mímu irú omi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo tọ́jú. Kí onítọ̀hún lọ rí dókítà, kí ó sì sọ irú omi tí ó mu.

FÚN ÀGBẸ̀, OLÙṢE GÀRÍ ÀTI ỌLỌ́SÌN ẸJA

Ẹni tí ó ń ṣe gàrí, fùfú tàbí láfún ń lo omi púpọ̀, ẹ̀gẹ́ a sì máa gba òórùn ohun tí ó bá wà nínú omi tí a rẹ ẹ́ sí. Bí gàrí bá ti rùn, oníbàárà kì í padà mọ́. Ẹni tí ó ń sin ẹja àrọ̀ nínú odò àgbẹ́sílẹ̀ tí kànga ń fún lómi kí ó mọ̀ pé ẹja a máa gba òórùn epo sínú ẹran ara rẹ̀, àní nígbà tí kò tíì kú. Ẹni tí ó ń gbin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀ odò Ìrèje àti irú rẹ̀, kí ó má ṣe bu omi tí ó ní epo wọ́n ewé tí ènìyàn yóò jẹ.

Nígbà tí ẹ bá ń retí èsì, ẹ lo omi ẹ̀rọ ìjọba níbi tí ó bá wà, tàbí omi òjò tí ẹ gbè láti orí páànù tí ó mọ́. Ìyá tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí òdìkejì òpópónà, ní apá òkè tí omi ti ń bọ̀. Owó ni ó ná an. Ó tún ní láti wá àwọn oníbàárà rẹ̀ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ÀWỌN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ SỌ FÚN

Bí ẹ bá gbọ́ òórùn epo nínú kànga, ẹ dá pípọn rẹ̀ dúró lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún aládùúgbò yín. Ẹ fi tó olórí àdúgbò àti òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba ìbílẹ̀ létí. Ẹ kọ ìwé sí àjọ tí ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, àti sí NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin epo ọdún 2021 gbé àkóso ilé epo lé lọ́wọ́ ní ipò DPR ti àtijọ́. Ẹ so ẹ̀dà ìwé kànga yín mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá wí pé “omi wa ń rùn” ni a lè dá lóhùn pé kí ó máa lọ, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé àkọsílẹ̀ oṣù méjìlá wá, kò rọrùn láti lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Omi tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ kò ní ojú, kò sì ní ẹnu; àwa ni a ó máa bá a ṣọ́ra, àwa ni a ó sì máa bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ka ìwé yìí tán, ẹ lọ wọn kànga yín, kí ẹ kọ iye náà sí ojú ewé kìíní. Bí ẹ bá ti ṣe èyí, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.